Imú Tí Ọ̀gá Gadsden Dí

Ẹni tó bá ní òun gbé ìlú Wirrabilla láyé ọjọ́sí, tó sì ní òun kò mọ Mortimer Gadsden, onítọ̀hún ń purọ́ ni, àfi bó bá jẹ́ pé inú ilé ọtí ló sùn sí fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Ọkùnrin náà kò ṣeé ṣèèṣì fojú fò. Ikùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ ní kọ̀rọ̀ ilé ẹ́ńjìnnì, irunmú rẹ̀ tó fi ọ̀rá kùn á tẹ̀lé e, ó sì tún máa ń tó ìgbà díẹ̀ kí òun alára tó dé.

Iṣẹ́ alábòójútó ni ìjọba gbà á sí, kó máa mójú tó ẹ́ńjìnnì mẹ́rìnlá tó ń fa ọkọ̀ ojú irin gba orí Òkè Tarlo kọjá. Alábòójútó, ó parí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ni "Alábòójútó Àgbà Pátápátá fún Ẹ́ńjìnnì, Ọ̀nà Irin, Oru, Èédú àti Ìwà Ọmọlúàbí, Ẹkùn Òkè Tarlo". Nígbà tí àyè tán lára ilẹ̀kùn, káfíńtà bá a kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Láràárọ̀, ní agogo mẹ́jọ, Percival Snell akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tínínrín kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí kíkí ènìyàn, á lu agogo kékeré. Gbogbo òṣìṣẹ́ á tò, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á kí Ọ̀gá lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ẹ̀ẹ̀kíní fún ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì fún ọgbọ́n rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta fún fìlà rẹ̀ tó ní ìyẹ́ ẹyẹ lórí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan gbàgbé ti fìlà lọ́jọ́ kan, oṣù mẹ́ta ló fi fọ ilé ìyàgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ sísọ wá ni tirẹ̀. Bí wọ́n bá ra ìgbálẹ̀ tuntun sí ibùdókọ̀, Gadsden á sọ̀rọ̀ lé e lórí. Bí ajá ọ̀gá ibùdókọ̀ bá bímọ, á sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé aago ńlá tuntun kọ́ ara ògiri ibùdókọ̀ ni wàhálà tí mo fẹ́ rò fún yín bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀nà wa ti rí. Ọkọ̀ ojú irin tó bá ń bọ̀ láti ìlú ńlá létí òkun á fi ipá gun Òkè Tarlo. Bó bá ti dé orí òkè, ó di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máìlì mọ́kànlá títí dé Wirrabilla. Dírẹ́bà á ti oru pa, á fọwọ́ lérán, ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò máa yí bọ̀ wálé. Lórí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ihò èéfín, ihò kékeré kan wà tó ní ọmọrí irin. Imú ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Bí wọ́n bá ti oru pa, ọmọrí á ṣí, ẹ́ńjìnnì á máa fa atẹ́gùn tútù sínú, fíìn, fíìn, fíìn, bí ẹni tó ní kátà. Bí dírẹ́bà bá tún ṣí oru padà, ọmọrí á kàn pa dé, pà!

Lọ́jọ́ aago yìí, Gadsden dúró lórí àpótí, ìyẹ́ fìlà rẹ̀ ń mì lẹ̀lẹ̀, gbogbo ìlú péjọ, tàwọn tàwọn afunfèrè àti onílù. Ó ti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ aago. Ìgbà náà ni Wal Tranter, dírẹ́bà onírun pupa kan tí ojú rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn mọ ohun tó ń rò, yí ẹ́ńjìnnì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélógójì, tí wọ́n ń pè ní kọkànlélógójì, wọ ibùdókọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin ará ìlú!" ni Gadsden ké. "Bí mo bá mí sínú, rélùwéè mí sínú! Bí mo bá mí síta, rélùwéè mí síta! Kí ni òkè yìí ì bá jẹ́ láìsí èmi?"

"Fíìn," ni ẹ́ńjìnnì wí.

"Ta ló sọ igbó di ìlú?"

"Fíìn."

"Ta ni ojú rẹ̀ kì í sùn nítorí yín?"

"Fííììn."

Ìyá Peachey, obìnrin sísanra tó ń ta tíì àti páì ẹran ní ibùdókọ̀, kò lè mú un mọ́ra. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gba inú aṣọ jáde: "Ẹ gbà mí o! Ẹ́ńjìnnì ti gbóòórùn nǹkan!"

Ni ìlú bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn afunfèrè rẹ́rìn-ín sínú fèrè, fèrè sì dún. Bí Gadsden ti ń fi ìbínú sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, Wal ṣí oru díẹ̀ kí ọkọ̀ lè sún síwájú. Pà! Ó dún bí ẹni gbá ènìyàn létí. Gadsden fò sókè, ó di etí mú. Ṣé ẹ wá mọ̀ pé ẹ̀rín tó kọ́kọ́ wáyé, àwàdà lásán ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe Wal àti Otto Liebelt sí ọ́fíìsì. Liebelt yìí ni fítà àgbà, Bàbá Otto ni gbogbo ilé ẹ́ńjìnnì ń pè é. Ogójì ọdún ló ti fi ń tú irin palẹ̀ tó ń tò ó padà.

"Ìwọ Tranter," ni Gadsden wí, "ẹ́ńjìnnì rẹ yínmú sí mi."

"Kì í ṣe ẹ̀yin ló yínmú sí o, Ọ̀gá. Ó ń mí ni."

"Ta ló fún un láṣẹ láti mí?"

Snell ti ṣí ìwé òfin. "Mo ti wò ó láti orí dé ìrù, Ọ̀gá wa ọ̀wọ́n. Kò síbi tí wọ́n kọ mímí sí."

"O gbọ́ bí?"

Bàbá Otto wúkọ́. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi nǹkan hàn yín." Ó fa ohun èlò tí a fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ yọ nínú àpò. "Sílíńdà ẹ́ńjìnnì nìyí, igi inú rẹ̀ ni písítìnì. Bí oru bá wà, oru ló ń tì í. Bí a bá ti oru pa tí kẹ̀kẹ́ sì ń yí, kẹ̀kẹ́ ló ń wọ́ písítìnì lọ, wọ́ ọ bọ̀, á sì máa fa atẹ́gùn ni, kò lè ṣe kó má fà á. Ibo ló fẹ́ rí i fà? Imú yìí ni. Bí ẹ bá dí imú fún un, á fi ọ̀nà kejì mí."

"Ọ̀nà wo?"

"Ihò èéfín." Bàbá Otto ti ẹnu ohun èlò náà bọ inú àwo eérú sìgá tó wà lórí tábìlì, ó sì fà á, sùúù. Eérú wọnú rẹ̀ lọ. "Ẹ wò ó. Iná, eérú, ẹ̀gbin èéfín, gbogbo rẹ̀ ló máa wọ sílíńdà. Á sun ọ́ìlì di ọ̀dà, ọ̀dà á po mọ́ eérú, á wá máa ha irin bí iyanrìn inú oúnjẹ. Nígbà tí oru bá sì padà dé..."

Ó ti igi náà wọlé. Fùú! Eérú bo ìwé, ó bo tábìlì, ó bo irunmú olóòórùn dídùn.

Ẹ̀kọ́ tó ye ọmọ ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ohun tí Gadsden rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ kan ba tábìlì ìjọba jẹ́.

"Snell! Kọ ọ́ sílẹ̀. Láti òní lọ, kò sí ohun ìní ìjọba tó gbọ́dọ̀ yínmú sí aṣojú ìjọba. Ẹ dí imú gbogbo wọn."

"Ọgbọ́n yìí, ti Ọ̀gá nìkan ni!" ni Snell wí, omi lé sí i lójú. "Kò sí ẹlòmíràn tó lè rò ó!"

"Òótọ́ lo sọ," ni Bàbá Otto dáhùn. "Kò sí ẹlòmíràn."

Wọ́n fi irin dí imú ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Níta, Wal tọ Bàbá Otto lọ. "Bàbá, báwo la ṣe fẹ́ ṣe é báyìí?"

"Ẹ má ti oru pa tán. Bẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa fi oru tóró sílẹ̀ fún un. Sílíńdà tó bá yó kò ní lọ jẹun nílé èéfín."

Bẹ́ẹ̀ làwọn dírẹ́bà ṣe. Oṣù méjì kọjá láìsí wàhálà, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ jẹ́ẹ́, Gadsden sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún láìsí ẹni tó dá sí i, inú gbogbo ayé ì bá sì dùn báyìí títí di òní. Ṣùgbọ́n ojú Snell ríran jìnnà. Ó rí okùn oru funfun tíntín kan lórí ẹ́ńjìnnì tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sáré lọ sọ fún Ọ̀gá.

"Oru! Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́!" Gadsden dìde. "Òkè ń tì wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún ń jó èédú mi! Ẹni tó bá ṣí oru láàárín orí Tarlo sí ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀, kó lọ wá iṣẹ́ sí ọgbà ìrèké!"

Ó rán Snell lọ sápamọ́ sínú igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà irin pẹ̀lú awò ìwòran ọ̀nà jíjìn. Orí ilé èèrà ni Snell dùbúlẹ̀ lé, àwọn èèrà ibí yìí tó gùn bí èékánná, tí ẹnu wọn ń jó bí iná. Ó ní òun kò lè dìde kí àwọn dírẹ́bà má baà rí òun. Nígbà tó padà dé, kò lè jókòó fún ọjọ́ mẹ́fà, ìdúró ló fi ń kọ̀wé. Gadsden fún un ní ìwé ẹ̀yẹ: "Fún Ìdúróṣinṣin."

Látìgbà náà, kò sí dírẹ́bà tó fi tóró sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ọmọ nílé.

Àwọn ẹ́ńjìnnì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Èyí tó ń jẹ èédú tọ́ọ̀nù mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ń jẹ mẹ́rin. Wọ́n ń gun òkè bí arúgbó tí ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń mí gúlegúle, oru ń yọ níbi tí kò yẹ kó ti yọ. Bàbá Otto kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Snell to ìwé náà sínú àpótí tó kọ "Àròyé Àwọn Aláìmoore" sí lára.

Àárín ìgbà yìí ni lẹ́tà dé láti ìlú ńlá. Gómìnà àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣí ọjà ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn ní Wirrabilla. Kọmíṣánnà Àgbà fún Rélùwéè, Ọ̀gbẹ́ni Rutherglen, yóò bá wọn wá. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ní ìlà méjì péré, wọ́n ní igbákejì Kọmíṣánnà ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀gbẹ́ni Rutherglen yóò sì lo àǹfààní náà láti wo ẹni tó yẹ láti jókòó sí àga tí igbákejì náà fi sílẹ̀.

Gadsden ka ìlà méjì yìí títí ìwé fi rọ̀. Ó ti rí àga náà. Awọ pupa ni, orí ìṣó rẹ̀ jẹ́ idẹ, ó ń yí. Kò tíì fojú kàn án rí láyé, ṣùgbọ́n ó mọ bí ìdí òun yóò ti bá a mu. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń jẹ eruku àti eṣinṣin níbi yìí, tó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn tí ń ta màlúù. Bí èyí bá bọ́, kò sí òmíràn mọ́, ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ló wà. Hortense ìyàwó rẹ̀ kò dúró rárá. Ó wọn aṣọ fèrèsé fún ilé ìlú ńlá tí wọn kò tíì rí, ó pín adìẹ rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò, ó sì ń kí wọn bí ẹni tó ń lọ sí òkè òkun.

"Ohun kan ṣoṣo ni yóò fi mí sí àga náà," ni Gadsden sọ fún Snell. "Kí ọkọ̀ Gómìnà wọ ibùdókọ̀ láìdún pínpín. Bí ẹyẹ. Bí àlá. Kí Rutherglen sọ pé, ta ni ọkùnrin tó kọ́ irin ní ìwà?"

"Ojú mi ti ń rí i, Ọ̀gá!"

"A ó fi dánra wò."

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀dá alààyè yìí ṣe. Ó mú kọkànlélógójì, nítorí òun ló lẹ́wà jù. Ó ní kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, kí wọ́n fi idẹ yí i nídìí. Ó wá ní kí Wal máa gbé e lọ orí Tarlo, kó ti oru pa tán, kó yí bọ̀ wálé. Láàárọ̀, nígbà mìíràn lọ́sàn-án pẹ̀lú, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà mọ́kàndínlógún. Òun fúnra rẹ̀ á dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, á di ojú, á máa tẹ́tí. Bó bá gbọ́ ìró kíún, á ní: "Lẹ́ẹ̀kan sí i!"

Ìgbà mọ́kàndínlógún, máìlì mọ́kànlá mọ́kànlá, kọkànlélógójì ń fi ihò èéfín mí.

Nígbà kẹtàdínlógún, Wal bọ́ sílẹ̀, ó nu ojú. "Ọ̀gá, kò lágbára mọ́. Mo ní láti bẹ̀ ẹ́ kó tó gun òkè. Ẹ jẹ́ ká tú u wò."

"Ṣé ó dún?"

"Kò dún."

"Ṣé àwọ̀ rẹ̀ ń dán?"

"Ó ń dán, Ọ̀gá, bíi pósí olówó."

"Kí ló wá ń dùn ọ́? Lẹ́ẹ̀kan sí i!"

Ọjọ́ pé. Oòrùn yọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ibi. Òjò kò tíì rọ̀ láti oṣù mẹ́jọ. Ìyá Peachey to páì igba sórí tábìlì, eṣinṣin bá a kà wọ́n. Gadsden wọ aṣọ funfun tó rán fúnra rẹ̀, kò sí ní ìlànà rélùwéè kankan, ó ní okùn wúrà ní èjìká àti ìbọ̀wọ́ funfun. Ìyẹ́ fìlà rẹ̀ ti di mẹ́ta.

Ní agogo mọ́kànlá, kọkànlélógójì yí wọ ibùdókọ̀ pẹ̀lú bọ́gì funfun mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kò dún. Ó wọlé bí ológbò. Ìlú mí kanlẹ̀. Ìyàwó Gómìnà, obìnrin gíga kan tí ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀, wo ìta fèrèsé, ó ní: "A ti dé ni? Mo rò pé a ṣì ń bọ̀." Gómìnà bọ Gadsden lọ́wọ́, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Rutherglen, ọkùnrin kúkúrú tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ti akọ̀wé lọ, sọ pé: "Ó wọlé jẹ́jẹ́, Gadsden. A ó sọ̀rọ̀ nípa àga yẹn bá a bá dé ibi ìpàtẹ."

Ibi ìpàtẹ náà kò ju máìlì méjì lọ, lórí òkè kékeré kan lẹ́yìn ìlú. Bó bá jẹ́ pé Gadsden ní kí ọkọ̀ máa lọ nígbà náà, mi ò ní ní ìtàn láti sọ. Ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, ọ̀dà inú rẹ̀ ṣì rọ̀.

Ṣùgbọ́n ó gun orí àpótí.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí irin ṣì wà nínú ilẹ̀. Wákàtí kan kọjá, kò tíì yọ irin kúrò níbẹ̀. Onílù kan dákú nínú oòrùn, wọ́n fi ilù rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún un. Páì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Rutherglen rọra dìde, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tó ń na ẹsẹ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó dúró. Ó fa imú.

"Kí ló ń rùn bí ọ́ìlì tó jóná?" ló bi Wal.

Wal wo iwájú. "Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, sà, títí Ọ̀gá á fi parí."

"Ìgbà wo ló máa parí?"

"Ẹ̀yin lẹ jù ú lọ, sà. Àwa kò tíì gbọ́ ìparí rẹ̀ rí."

Wákàtí méjì dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Gadsden lò. Ó fi ọ̀rọ̀ náà gúnlẹ̀ báyìí: "Nítorí náà, Gómìnà ọlọ́lá jùlọ, ẹ wo ẹ́ńjìnnì tí kò ní ẹnu fún ìsọkúsọ, tí kò ní imú fún ìyínmú, tí ó mọ ẹni tí í ṣe ọ̀gá rẹ̀! Ẹ jẹ́ kó gbé yín lọ!" Ó na ọwọ́ ìbọ̀wọ́ funfun sí Wal. Kó má baà sí ẹni tí kò ní rí òun, ẹ̀gbẹ́ ihò èéfín gan-an ló dúró sí, lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Àwọn Gómìnà padà wọnú ọkọ̀. Wal ṣí oru.

Kò sí nǹkan. Ọ̀dà inú sílíńdà ti tutù nígbà ọ̀rọ̀ sísọ, ó ti gan mọ́ irin bí àtè. Wal tún ṣí i sí i. Kọkànlélógójì gbọ̀n, idẹ ara rẹ̀ ń pariwo wọ́jọ́wọ́jọ́. Bàbá Otto tó wà láàárín èrò fà Ìyá Peachey lọ́wọ́. "Ìyá, ẹ bo páì."

"Kí ló dé?"

"Ẹ bò ó ná."

GBÌÌ!

Ẹ̀gbin sísọ̀kalẹ̀ ìgbà ogún, mọ́kàndínlógún ti ìdánrawò àti ti òní, ló ti inú ihò èéfín jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rin, ó dúdú, ó wúwo, ó ga sókè ju òrùlé lọ, ó ní sùúrù díẹ̀ lókè, ó sì wálẹ̀. Ó bo kápẹ́ẹ̀tì. Ó bo bọ́gì funfun. Ó bo fèrè àti àwọn tí ń fun ún. Nígbà tó kásẹ̀ nílẹ̀, òpó dúdú kan dúró níbi tí Gadsden wà, ìyẹ́ mẹ́ta rọ̀ jọwọlọ lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì nà síwájú.

Ìyàwó Gómìnà yọrí. Àmì dúdú kan bọ́ sí i lórí imú. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Wọ́n mà ní ọ̀dá ni lọ́dún yìí," ló wí.

Ẹ má bi mí bóyá ìlú rẹ́rìn-ín.

Ẹ́ńjìnnì náà gbìyànjú o, n kò ní pa irọ́ mọ́ ọn. Ó fà dé ẹ̀yìn pápá apẹran, ìdajì máìlì, oru ń fọn jáde níhà gbogbo bí ìkòkò tó sán. Ó dúró síbẹ̀. Wal ta ọwọ́ sókè. Kẹ̀kẹ́ ẹran tí ẹṣin ń fà ló gbé Gómìnà àti ìyàwó rẹ̀ dé ibi ìpàtẹ, wọ́n jókòó láàárín ìdí ẹran àgùntàn méjì, obìnrin náà sì ń juwọ́ sí gbogbo ènìyàn.

Rutherglen kò bá wọn lọ. Ó ní kí wọ́n tú bíréèkì, kí ẹ́ńjìnnì yí padà sí ilé rẹ̀. Nígbà tí Gadsden fi máa fọ ojú rẹ̀ kan tó sì sáré débẹ̀, Kọmíṣánnà Àgbà ti bọ́ kóòtù, ó ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì, ó wà lórí ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó padà dé ilé ìyá rẹ̀. Ẹ ò mọ̀ bí? Gadsden náà kò mọ̀. Fífọ ẹ́ńjìnnì ni Rutherglen fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ayé rẹ̀, ó fi ọdún mẹ́tàdínlógún ṣe fítà.

"Níbo ni imú ẹ́ńjìnnì yìí wà?"

Gadsden na ọrùn. "Ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ, nínú ìtàn ìlọsíwájú ẹkùn yìí, láti ayébáyé..."

"Mo ní níbo ni imú rẹ̀ wà."

"A... a dí i, sà."

"Ta ló dí i?"

Gadsden wo Snell. Ojú tó fi wò ó, òkúta á bú sẹ́kún. Snell tẹ̀ ba, bó ti máa ń ṣe.

"Ọgbọ́n Ọ̀gá nìkan ni, sà. Mo ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, lójú gbogbo ayé. Kò sí ẹlòmíràn tó lọ́wọ́ nínú ẹ̀."

"Kí ni imú ọ̀hún ṣe fún ọ, Gadsden?"

"Ó... ó ń yínmú, sà."

"Sí ta?"

Níta, lórí igi gọ́ọ̀mù, ẹyẹ kukabúrà kan, tí igbe rẹ̀ jọ ẹ̀rín ènìyàn, bú sẹ́rìn-ín bí ọ̀mùtí, kò sì tètè dákẹ́.

Bàbá Otto àti Wal ti tú ojú sílíńdà. Rutherglen sọ̀ kalẹ̀. "Gadsden, wá. Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Èmi, sà?"

"Àbí èmi ni wọ́n kọ orúkọ mi sí ilẹ̀kùn àti pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?"

Gadsden kúnlẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó mú nǹkan kan jáde, ó dúdú, ó le níta, ó ń fà bí àtè nínú, iyanrìn èédú ń dán lára rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

Ó wò ó. Ó yí i padà, ó tún wò ó. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ohun tó sọ yìí ni gbólóhùn rẹ̀ tó kúrú jù. "Mi ò mọ̀, sà."

"Òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ lónìí nìyẹn. Liebelt, ṣé irin náà ti bàjẹ́?"

"Ọ̀dà ti ha á díẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n bá a bá ha ọ̀dà yìí kúrò kó tó pẹ́, tí a sì dá imú àwọn ẹ́ńjìnnì padà fún wọn, wọ́n á yè é. Ká sọ pé ọ̀rọ̀ àárọ̀ yìí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ ni, àwọn Gómìnà ì bá ti dé ibi ìpàtẹ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná."

Rutherglen mi orí. Gadsden nu ẹnu, ó tún fi ẹ̀gbin kún un. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. "Ọ̀gbẹ́ni Kọmíṣánnà... àga yẹn, sà. Ìyàwó mi ti pín adìẹ."

"Àga wà níbẹ̀, kò sá lọ. Màá wá ẹni tó ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rí kí n tó fún un." Rutherglen fi ẹsẹ̀ ti garawa kan sí i. "Ní ti ìwọ, títí gbogbo ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí á fi mọ́, Liebelt ni ọ̀gá rẹ. Di nǹkan yìí mú fún un."

Gadsden di garawa mú. Bàbá Otto na irin ìha rẹ̀ sínú sílíńdà, ó ń ha, ọ̀dà ń já bọ́, tó, tó, tó. Snell rọra yí padà sí ọ̀dọ̀ Rutherglen, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ọ̀gá tó ní ọgbọ́n báyìí. Rutherglen na garawa kejì sí i.

Èyí tó wà lọ́wọ́ Gadsden kún. Ó gbé e láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, òógùn ń lanà funfun sí i lójú. Ó dúró títí irin ìha fi dákẹ́ díẹ̀.

"Bàbá Otto," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n dà á sí?"

Bàbá Otto kò gbé orí sókè. "Ẹ̀yìn ilé. Kẹ́ ẹ tètè padà o, ọ̀gbẹ́ni, mẹ́tàlá ló kù níta."